Irin kán sínú itan àbúrò mi: ṣé dandan ni kí wọ́n yọ gbogbo rẹ̀?

Arábìnrin kan ní Òṣogbo ló kọ ìwé yìí sí mi. Mo gé e kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ọ̀kadà gbá àbúrò mi ọkùnrin ní oṣù 11 sẹ́yìn, eegun itan rẹ̀ ṣẹ́ ní apá ìsàlẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n ki irin gbọọrọ kan bọ inú eegun náà. Ó ti ń rìn, ó ti ju ọ̀pá sílẹ̀ láti oṣù kẹta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, àmọ́ itan náà kò fìgbà kan yé dùn ún tán. Lóṣù tó kọjá, bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó gbọ́ 'kàù', ó sì ṣubú. X-ray fi hàn pé irin náà ti kán sí méjì lókè orúnkún, ọ̀kan nínú sukúrúù ìsàlẹ̀ náà sì ti kán. Dókítà ní àwọn máa ṣí i padà, àwọn máa yọ irin tó kán, àwọn á sì fi èyí tó tóbi jù ú lọ sí i, àmọ́ ó ṣeé ṣe kí àwọn fi ṣóńṣó sukúrúù yẹn sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀rù ń bà wá. Ṣé irin ayédèrú ni wọ́n fi sí i? Ṣé dókítà tí kò lè yọ gbogbo irin mọṣẹ́? Èyí tó bá kù ńkọ́, ṣé kò ní dípẹtà, kó máa rìn lọ sí ọkàn rẹ̀? Ẹ̀gbọ́n bàbá wa kan ní ká kúkú gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan lábúlé tó ń to eegun, pé wọ́n á fi ewé fà á jáde."

Ẹ kú ìnira, ẹ sì kú àfaradà. Mo ka ìwé yín lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tí mo rí lábẹ́ gbogbo ìbéèrè yẹn ni pé ẹ ń rò ó pé bóyá wọ́n rẹ́ yín jẹ lákọ̀ọ́kọ́, ẹ kò sì fẹ́ kí wọ́n tún rẹ́ yín jẹ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ ò jẹ̀bi. Ilé tó ti yáwó tàbí ta ilẹ̀ nítorí tíátà lẹ́ẹ̀kan kò gbọdọ̀ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí mo wá títí nínú ìwé yín tí mi ò rí. Irin ni gbogbo yín ń sọ: irin tó kán, irin ayédèrú, irin tó máa kù sínú. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba eegun, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Irin tó kán ní nǹkan bí oṣù 10 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, eegun tí kò so pọ̀ ló kán an. Ká ní eegun àbúrò yín ti jinná ní oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà ni, irin yẹn ì bá wà nínú rẹ̀ títí tí yóò fi hu ewú, kò ní kán.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé irin tí a fi síbẹ̀ ti di eegun tuntun. Rárá o. Ńṣe ló ń bá eegun di ara rẹ̀ mú, bí igi tí bíríkìlà fi ń ti dẹ́kìn títí símẹ́ǹtì á fi le. Gerhard Küntscher, oníṣẹ́ abẹ kan ní Kiel ní orílẹ̀-èdè Jámánì, ló bẹ̀rẹ̀ sí í ki irin gbọọrọ bọ ihò mùdùnmúdùn inú eegun itan ní nǹkan bí ọdún 1939. Ọ̀nà rẹ̀ la ṣì ń tọ̀ lónìí, àfi pé àwọn tó tẹ̀lé e ti lu ihò sí irin náà lókè àti nísàlẹ̀, ká lè fi sukúrúù dè é mọ́ eegun kí ẹsẹ̀ má bàa yí, kó má sì kúrú. Láti ọjọ́ tí irin bá ti wọlé ni òun àti eegun ti ń sá eré ìje. Eegun ń sáré kó jinná, ọjọ́ ayé irin sì ń tán lọ. Ẹ mú wáyà tí àwọn bíríkìlà fi ń di irin, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwá, ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. Kò ní kán lẹ́ẹ̀kan, kò ní kán lẹ́ẹ̀mẹwàá, àmọ́ bó pẹ́ bó yá, á gbóná lọ́wọ́ yín, á sì já, bẹ́ẹ̀ agbára tí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ kẹ́yìn kò ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tó bá rin ìṣísẹ̀ 4,000 lóòjọ́, 2,000 ni ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbà nínú rẹ̀. Ní oṣù mẹ́ta péré, ó ti di ìgbà 180,000 tí irin yẹn tẹ̀ díẹ̀ tó tún nà padà. Bí eegun bá ń jinná lọ, á máa gba ẹrù náà lórí irin díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá jinná, irin nìkan ni yóò máa rù ú. Bọ́ọ̀sì tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀ kọ́ ló kán an. Ìṣísẹ̀ yẹn kàn jẹ́ èyí tó kẹ́yìn ni.

Ṣé irin ayédèrú wá ni? Mi ò ní purọ́ fún yín pé irin tí kò dáa kò sí lọ́jà wa. Ó wà, gbogbo àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí la sì mọ̀. Ṣùgbọ́n ojúlówó náà ń kán bí eegun kò bá so, nítorí náà, pé ó kán nìkan kò tó ẹ̀rí. Ibi tó ti kán ló sọ nǹkan fún mi. Ẹ ní apá ìsàlẹ̀ itan ni eegun ti ṣẹ́, irin sì kán lókè orúnkún. Àwọn ihò tí sukúrúù ń gbà kọjá ni ibi tí agbára irin ti kéré jù. Bí ojú ibi tí eegun ti ṣẹ́ kò bá jìnnà ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ sí ihò tó wà lókè nínú àwọn ihò ìsàlẹ̀ yẹn, ojú ihò kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo títẹ̀ àti nínà á máa forí lé, ibẹ̀ náà ni mo sì ti máa ń bá ọ̀pọ̀ irin tó kán. Ìwọ̀n irin tún wà níbẹ̀. Irin tí inú rẹ̀ kún, tó nípọn tó mílímítà 12, fẹ́rẹ̀ẹ́ le ní ìlọ́po méjì ju ti mílímítà 10 lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tí ẹ bá kó méjèèjì lé tábìlì, ojú lásán á rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Àwọn kan wà tí eegun wọn gba 12, tó jẹ́ pé 10 ni wọ́n rí rà lọ́jọ́ náà. Ìyẹn kì í ṣe ayédèrú, àmọ́ ó dín ọjọ́ ayé irin kù.

Kí ló wá dé tí eegun kò fi so? Ìbéèrè tó yẹ kí dókítà yín dáhùn nìyẹn kó tó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́, òun náà ló sì yẹ kí ẹ̀yin bi í. Kòkòrò ni èmi kọ́kọ́ máa ń wá. Ó lè lúgọ sídìí irin fún ọdún kan, kò ní sí ọyún, kò ní sí ibà, àfi ìrora tí kò lọ tán, irú èyí tí ẹ sọ yẹn gan-an. A máa ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ESR àti CRP, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó dájú jù ni ẹran àti eegun tí a bá bù lójú ibi tó ṣẹ́ lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, ó kéré tán lójú ibi márùn-ún, tí a kó lọ sí láàbù. Ẹ jọ̀ọ́, nítorí èyí, ẹ má jẹ́ kó máa lo oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́. Bó bá ń lò ó, kòkòrò á sá pamọ́, láàbù á ní àwọn ò rí nǹkan kan, àwa á sì gbé irin tuntun lé ọ̀tá lórí. Bí ara aláìsàn bá gbà á, ọ̀sẹ̀ méjì la máa ń fẹ́ kó ti dá a dúró kí a tó bu nǹkan lọ sí láàbù.

Lẹ́yìn kòkòrò, ọ̀rọ̀ kan sìgá, ìtọ̀ súgà tí kò rí ìtọ́jú, eegun tó fọ́ wẹ́wẹ́ tàbí tó gún awọ jáde nígbà ìjàǹbá, àlàfo tó kù láàárín eegun méjèèjì, àti oògùn ìrora bíi diclofenac tí àwọn mìíràn ń lò lóṣù lóṣù bí ẹni jẹ gúgúrú. Ó tún kan ọ̀pá tó jù sílẹ̀ ní oṣù kẹta. Ẹ má bú u o. Mo ti tọ́jú ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí ọwọ́ wọn ló ń bọ́ ìdílé, tí oṣù mẹ́ta láìṣiṣẹ́ ti tán gbogbo ohun tó wà nílé. Ìrora sì máa ń tan ènìyàn jẹ: irin á gbé e dúró, á rò pé eegun ti jinná. X-ray nìkan ló lè sọ fún un pé kó ju ọ̀pá sílẹ̀, ara tó fúyẹ́ kò tó.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí a ṣe ń yọ irin tó kán, kí ẹ lè mọ ìdí tí dókítà yín fi ní "ó ṣeé ṣe". Kọ́kọ́rọ́ ti kán sínú àgádágodo yín rí? Èyí tó wà lọ́wọ́ yín kì í ṣe ìṣòro. Apá òkè irin náà rí bẹ́ẹ̀: a ó ṣí ẹ̀gbẹ́ ìbàdí níbi tí wọ́n gbà kì í wọlé, a ó de ohun èlò kan mọ́ orí rẹ̀, a ó sì fi òòlù máa lù ú sẹ́yìn títí á fi jáde. Apá ìsàlẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ tó kù sínú. Ó wà nínú eegun nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, kò sí orí tí a lè dì mú, eegun sì ti hù yí i ká. Sukúrúù tó dè é mọ́ eegun la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ, ohun tó sì mú kí ti àbúrò yín gba sùúrù nìyẹn. Bí sukúrúù kan bá kán, apá kan rẹ̀ lè ṣì wà láàárín ihò irin bí ọ̀pá ìdábùú ẹnu ọ̀nà. Bí a kò bá mú ìyẹn kúrò, a lè lu irin náà dọ̀la, kò ní mira, bó bá sì mira, ó lè la eegun.

Bí inú irin náà bá ṣófo bíi páìpù, a ní ọ̀pá tín-ín-rín kan tí ìkọ́ kékeré wà ní ṣóńṣó rẹ̀, bí ìwọ̀ apẹja. Láti òkè ni a ó ti kì í wọlé, á gba inú apá tó kù kọjá, á yọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, a ó yí i díẹ̀ kó lè fi ìkọ́ mú etí irin, a ó sì fà á. Mo rántí awakọ̀ àjàgbé kan tí a ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, sukúrúù ti jáde, apá òkè ti jáde, inú gbogbo wa dùn. Ìkọ́ wọlé, ó yọ̀. Ó tún wọlé, ó mú, a lù ú lẹ́ẹ̀mẹrin, ó tún yọ̀. Mo ní kí wọ́n fún mi ní wáyà kan, mo kì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ́ kí àyè inú irin lè há mọ́ ọn, kó má lè yọ̀ mọ́. Bí a ṣe ń lù ú ni nọ́ọ̀sì tó ń gbé irinṣẹ́ fún mi wí pé, "Dókítà, ohùn rẹ̀ ti yí padà." Òótọ́ ni. Bí irin bá há, òòlù á máa dún kín-ín, kín-ín. Bó bá ti ń sún, ohùn náà á ki, á di gbù, gbù. Ohun tó jáde nígbẹ̀yìn kò gùn ju ìka mi àárín lọ, ẹ̀jẹ̀ àti lẹ́búlẹ́bú eegun dì mọ́ ọn lára. Òun nìkan gbà wá ní wákàtí méjì.

Bí inú irin náà kò bá ṣófo, ìkọ́ kò ní ibi tó máa gbà. Irú irin bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Nàìjíríà, nítorí àjọ SIGN, tí Dókítà Lewis Zirkle dá sílẹ̀ ní Richland ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1999, ń fi irin tí inú rẹ̀ kún ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìwòsàn tí kò ní ẹ̀rọ X-ray nínú tíátà. Kò mọye ènìyàn tó ń fẹsẹ̀ rìn lónìí nítorí irin yẹn, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bó bá kán, iṣẹ́ ńlá ni. A lè ṣí ojú ibi tí eegun ti ṣẹ́ ká gba ibẹ̀ fà á, a lè gba orúnkún fi ọ̀pá tín-ín-rín tì í sókè láti ìsàlẹ̀, tàbí ká gbẹ́ fèrèsé kékeré sára eegun ká lè máa ti irin náà díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ máa bi dókítà yín ni irú irin tó wà níbẹ̀. Bí iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ bá jẹ́ ní ilé ìwòsàn mìíràn, ẹ padà síbẹ̀, ẹ gba ẹ̀dà ìwé tí wọ́n kọ lọ́jọ́ náà, ẹ sì wá sítíkà tó wà lára páálí irin náà bó bá ṣì wà nínú fáìlì. Ohun tí a fi ń fa irin ilé iṣẹ́ kan kì í sábà bá ti òmíràn mu. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ṣí ènìyàn tán, kí wọ́n tó mọ̀ pé ohun tí wọ́n máa fi fà á kò sí nínú ilé. Ńṣe ni wọ́n rán an padà pa, tí wọ́n ní kó padà wá lọ́sẹ̀ méjì sí i. Àìsí ìwé kan péré ló fa gbogbo ìyẹn.

Sukúrúù ní ìyọnu tirẹ̀. Orí rẹ̀ lè fá, bíi bọ́ọ̀tì tí mẹkáníìkì ti fi sípánà tí kò bá a mu yí títí. Àwọn tí eyín wà lórí wọn, tó ń wọnú eyín irin pẹlẹbẹ tí a máa ń dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ eegun, tún le sí i, pàápàá tó bá jẹ́ titanium tí wọ́n sì fún jù nígbà tí wọ́n ń fi í sí i; lẹ́yìn ọdún kan, àfi bí ẹni pé wẹ́dà ló jó o pọ̀. A ní irin kan tí eyín rẹ̀ yí sódì, tó jẹ́ pé bí a bá ṣe ń yí i sí apá òsì ló ń jẹ orí sukúrúù tó fá, tó sì ń tú u. Fún èyí tó kán sínú eegun, páìpù kékeré kan wà tí ẹnu rẹ̀ ní eyín bíi ayùn, tí a fi ń gé eegun yí i ká ká lè rí i dì mú. Ṣùgbọ́n gbogbo eegun tí páìpù yẹn bá gé, eegun àbúrò yín ni. Ihò tó bá dá sílẹ̀ fẹ̀ ju ti sukúrúù fúnra rẹ̀ lọ, ó sì lè jẹ́ ibẹ̀ ni eegun á gbà ṣẹ́ lọ́jọ́ iwájú.

Ìdí nìyẹn tí dókítà tó mọṣẹ́ fi lè ní òun á fi ṣóńṣó sukúrúù sílẹ̀. Àìmọ̀ọ́ṣe kọ́, ìṣirò ni. Ó ń wo ohun tí yíyọ rẹ̀ máa bà jẹ́ sí ohun tí wíwà rẹ̀ níbẹ̀ lè dá sílẹ̀. Ṣóńṣó tó há sínú eegun líle ní ẹ̀gbẹ́ kejì, tí kò gbà kọjá ní ọ̀nà irin tuntun, tí kò yọ sínú oríkèé, tí kòkòrò kò sì sí níbẹ̀, èmi náà á fi sílẹ̀. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, ṣóńṣó dìrílì kán mọ́ mi lọ́wọ́ sínú eegun ojúgun obìnrin kan. Mo fẹ́ wà á jáde lójú ẹsẹ̀. Ojú ń tì mí. Ọ̀gá mi dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n ní kí n yàwòrán rẹ̀, kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n parí iṣẹ́ tí mo wá ṣe, kí n sì lọ sọ fún obìnrin náà tó bá jí. Mo sọ fún un. Ó bi mí bóyá á máa dun òun, mo ní kò yẹ kó dùn ún. Ó wá fún àyẹ̀wò títí ọdún méjì fi pé, eegun rẹ̀ jinná dáadáa, ṣóńṣó yẹn ṣì wà níbẹ̀ nínú gbogbo àwòrán. Ohun tó máa bí mi nínú ni kí dókítà fi irin sílẹ̀ nínú ènìyàn láìsọ fún un.

Ní ti ìpẹtà, irin tí a ń lò fún eegun kì í ṣe irin tí wọ́n fi ń ṣe géètì. Èyí tó wọ́pọ̀ ni irin aláìdípẹtà tí wọ́n ń pè ní 316L, chromium tó wà nínú rẹ̀ ń fi awọ tín-ín-rín bò ó tí omi ara kì í tètè lè jẹ wọlé. Titanium náà rí bẹ́ẹ̀. Ní ti pé kó rìn lọ sí ọkàn, mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ṣẹ̀ wá, kì í ṣe irọ́ pátápátá. Àwọn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dán, tí kò ní eyín, tí a máa ń fi sí agbègbè èjìká, wọ́n ti rìn wọ inú àyà àwọn ènìyàn rí, ìdí sì nìyẹn tí a fi ń tètè yọ wọ́n. Ṣùgbọ́n ṣóńṣó sukúrúù eléyín tó há sínú eegun itan kò ní ọ̀nà tó máa gbà rìn, eegun á hù bò ó. Ibì kan wà tí mi ò ní gbà kí ohunkóhun kù: bí kòkòrò bá wà. Kòkòrò máa ń fi ohun yíyọ̀ kan bo ara rẹ̀ lórí irin, bí èyí tó ń bo òkúta inú odò, oògùn kì í lè gba inú rẹ̀ kọjá. Nígbà náà, gbogbo irin gbọ́dọ̀ jáde, títí kan ṣóńṣó yẹn, bó tilẹ̀ gba pé kí a gbẹ́ eegun.

Ẹ lè bi mí pé, bó bá ṣe é fi sílẹ̀ díẹ̀, kí ló dé tí a kò fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀? Nígbà mìíràn, sukúrúù nìkan ló máa ń kán, eegun á wá fara ti ara rẹ̀, á sì jinná. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, mo máa ń ní kó lọ jókòó sílé rẹ̀, kó máa wá fún X-ray. Ti àbúrò yín kò rí bẹ́ẹ̀, irin gan-an ló kán, ó sì ṣubú. Bí ẹ bá fi sílẹ̀, itan náà á máa tẹ̀, á máa kúrú, yíyọ irin náà á sì túbọ̀ le. Bàbá abúlé yẹn, mi ò ní bú wọn. Àwọn tó ń to eegun ti wà kí ilé ìwòsàn tó dé, wọ́n sì to ọ̀pọ̀ eegun ọmọdé tó jinná. Àmọ́ kò sí ewé tó lè fa irin tí sukúrúù dè jáde láti inú eegun. Bí wọ́n bá ń fọwọ́ ra itan tí irin ti kán sínú rẹ̀, ẹnu irin lè gún iṣan ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá di ọparun mọ́ ọn jù, ẹsẹ̀ lè kú. Mo ti gé irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò fẹ́ gé ti àbúrò yín.

Ohun tí dókítà yín là sílẹ̀ jọ ohun tí èmi náà á ṣe bí kò bá sí kòkòrò: kí wọ́n yọ irin, kí wọ́n fẹ ihò inú eegun sí i, kí wọ́n fi irin tó fi ó kéré tán mílímítà 1 nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ sí i. Lẹ́búlẹ́bú tó bá ń jáde bí wọ́n ṣe ń fẹ ihò náà pàápàá máa ń ran eegun lọ́wọ́ láti so. Nítorí pé apá ìsàlẹ̀ itan ni, níbi tí ihò eegun ti fẹ̀ jù fún irin láti dúró gbọn-in, ẹ bi í bóyá ó yẹ kó fi irin pẹlẹbẹ kún un lẹ́gbẹ̀ẹ́, àti bóyá ó máa bu eegun ìbàdí gbìn sójú ibi tó ṣẹ́. Bí kòkòrò bá wà, ọ̀nà á yàtọ̀: wọ́n á kó irin jáde, wọ́n á fọ ibẹ̀, irin ìta ara ló sì lè di ẹsẹ̀ mú fún oṣù mélòó kan. Mi ò tíì rí àwòrán itan àbúrò yín, nítorí náà, ẹni tó ń wò ó lójúkojú lẹ́nu rẹ̀ tó ju tèmi lọ. Mi ò sì ní ṣèlérí fún yín. Ọ̀pọ̀ irú eegun yìí ló máa ń jinná lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kejì, àwọn kan a máa gba ẹ̀kẹta. Orúnkún lè má tẹ̀ tán bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ sì lè kúrú díẹ̀. Kó mọ èyí kó tó tọwọ́ bọ̀wé.

Kó tó dọjọ́ náà, kí wọ́n ya X-ray gbogbo itan láti ìbàdí dé orúnkún, níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ rí i pé ẹ̀jẹ̀ wà ní sẹpẹ́, torí iṣẹ́ yìí máa ń pẹ́, ó sì máa ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ bi dókítà yín pé, "Bí ìkọ́ kò bá mú, kí lẹ máa ṣe?" Bó bá dáhùn láìbínú, tó sì ní ọ̀nà kejì àti ìkẹta lẹ́nu, ẹ fọkàn balẹ̀. Bó bá ní ẹ̀rọ X-ray tíátà àwọn ti bàjẹ́ tàbí irinṣẹ́ kò pé, ẹ ní kó kọ̀wé fún yín lọ sí ibi tí wọ́n ti ní i. Ọsibítù eegun ní Igbobi ní Èkó ti ń ṣe iṣẹ́ eegun láti 1945, UCH ní Ìbàdàn náà sì wà nítòsí yín ju Èkó lọ. Tí wọ́n bá ti ṣe é tán, ẹ ní kí wọ́n fi irin tí wọ́n yọ hàn yín, kí ẹ to apá méjèèjì pọ̀, kí ẹ wò ó bóyá gígùn rẹ̀ pé pẹ̀lú ohun tó wà nínú X-ray. Bí nǹkan kan bá kù sínú, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n máa fún un lọ sílé, kí wọ́n kọ ibi tó wà, kí wọ́n sì kọ irú irin tí wọ́n fi sí i tuntun pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ìwé náà sórí fóònù ẹni méjì nínú ilé.